Èmi, Ọmọ Mẹ́ta àti Pótì Kan: Láti Èkó sí Ifẹ̀, Láti Ifẹ̀ sí Iléṣà

Ọjọ́ kìíní, Mọ́ńdè

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo jí. Mo ti ní màá parí irun Àdùkẹ́ lálẹ́ àná ṣùgbọ́n oorun gbé mi lọ, bó ṣe jẹ́ pé àbọ̀ irun la gbé rìn nìyẹn, apá ọ̀tún dì, apá òsì ta sókè bíi ti ẹni tó rí iwin. Bàbá wọn gbé wa dé páàkì ní Bẹ́gà, ó ní ó di Fúráídè kóun tó lè wá bá wa, iṣẹ́ pọ̀. Mi ò bá a jà. Àmọ́ ẹ bá mi wò ó o, ìgbà tí ìrìn-àjò ọmọ bá dé gan-an ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin yìí.

Àdùkẹ́ ti pé ọdún méje, Táyé àti Kẹ́hìndé ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́ta ni. Dírẹ́bà Síénà ní kí n san owó èèyàn méjì, káwọn ìbejì jókòó lé mi lẹ́sẹ̀. Mo ti gba irú ìmọ̀ràn yẹn rí, ìgbà tá à ń lọ Ìlọrin, ọjọ́ méjì gbáko ni itan mi fi kú. Mo sanwó àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lẹ́yìn pátápátá, dírẹ́bà ń wò mí bí ẹni tówó ń yọ lẹ́nu, ká tó dé Ìbàdàn òun náà ló yíjú padà tó ní ìyá ìbejì, ẹ gbọ́n o.

Torí ká tó kọjá Ṣágámù ni Kẹ́hìndé ti bì. Náílọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ mi, mo gbè é sí i lẹ́nu, kò kán sílẹ̀ rárá. Bí Táyé ṣe rí i, òun náà lóun fẹ́ bì. Irọ́ ni, kò sóun tó ń ṣe é, náílọ́ọ̀nù tiẹ̀ ló ń wá. Mo fún un ní ọ̀kan, ó gbá a mú títí a fi dé Ifẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ọmọ rìn, ẹ má kó aṣọ ìpààrọ̀ sí búùtù o, inú báàgì ọwọ́ yín ni kó wà, kẹ́ ẹ sì gbé pótì dání. Èèyàn á ní kí lẹ fẹ́ fi pótì ṣe nínú mọ́tò, ẹ má dá wọn lóhùn. Nígbà tá a dé ìtòsí Àṣejírẹ tí Táyé pariwo pé ó ti ń bọ̀, dírẹ́bà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo gbé pótì kalẹ̀ lórí koríko, ó parí nǹkan ẹ̀, a tún gbéra, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Àdùkẹ́ ń wo omi tó tẹ́jú lọ síwájú, ó bi mí pé ṣé òkun nìyẹn, mo ní rárá, odò Ọ̀ṣun ni wọ́n dí síbẹ̀ tí wọ́n fi ń fún Ìbàdàn lómi. Ó ní ṣé àwọn ará Ìbàdàn wá mọ̀ pé Táyé ṣe ìgbẹ́ síbẹ̀. Gbogbo mọ́tò bú sẹ́rìn-ín.

Ní Ìkirè, ta ló máa kọjá láì ra dódò Ìkirè? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà ni, wọ́n á gún un pẹ̀lú ata àti iyọ̀, wọ́n á dín in nínú epo pupa títí tó fi máa dúdú. Àwọn ọmọ Èkó mi rò pé ṣokoléètì ni. Kẹ́hìndé fi odidi ọ̀kan sẹ́nu, ata gbá a mú, igbe tó ké kúrò ní kékeré, bẹ́ẹ̀ nígbà tí ata lọ tán ó tún na ọwọ́ pé kí n fún òun sí i.

Aago méjìlá kọjá ká tó wọ Ifẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti dúró dè wá ní Lágere, ó wọ aṣọ tíṣà ẹ̀, ìyẹn àdìrẹ àti bàtà pẹlẹbẹ, ó sanra díẹ̀ sí i, ẹ̀rín ẹ̀ ò yí padà. Ọdún mọ́kànlá rèé o. Yàrá kan náà la jọ gbé ní Mọremí Hall nígbà tá a wà ní yunifásítì, abọ́ kan náà la fi ń jẹ gàrí. Fóònù là ń fi ń kí ara wa látìgbà yẹn, mo sì mọ ìdí tí mi ò fi wá, òun náà mọ̀ ọ́n, a ò kàn tí ì fẹnu bà á ni. Ó ti ṣègbéyàwó láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ọmọ ò tíì dé. Èmi wá bí ọ̀kan, mo tún bí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa kó ìdí ọmọ mẹ́ta wọlé tọ̀ ọ́? Bí mo ṣe ń sọ fún ara mi lọ́dọọdún nìyẹn.

Kẹ́hìndé tí kì í fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé òun bọ́ sí i lápá, ó gbórí lé e léjìká, ó sùn lọ.

Ọjọ́ kejì, Túsídè

Mo ti ṣètò tèmi dáadáa o: Ààfin, mùsíọ́mù, Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, ère Mọremí, gbogbo ẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ọ̀rẹ́ mi wo ìwé tí mo kọ ọ́ sí, ó ní, 'Ìwọ àti ta ni?' Tíṣà aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ni, ó mọ ohun tó ń sọ. Aago mẹ́wàá la ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé torí wọ́n wá bàtà Táyé títí, inú àgé ló wà.

Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn la kọ́kọ́ dé. Òkúta gbọọrọ tó nàró sókè, ó ga ju mítà márùn-ún lọ, wọ́n gbá ìṣó irin mọ́ ọn lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé jagunjagun ni Ọ̀rànmíyàn, pé òun ló tẹ Ọ̀yọ́ dó, pé ọmọ ẹ̀ ló jọba ní Bìní. Àdùkẹ́ gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, ó ní, 'Ṣé ó gbàgbé ọ̀pá ẹ̀ síbí ni?' Àwọn ìbejì ò wo òkúta kankan, ewúrẹ́ kan tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́bàá ògiri ni wọ́n tẹjú mọ́. Ewúrẹ́! Èmi tí mo ra àga mẹ́ta láti Èkó.

Mùsíọ́mù tó wà ní Ẹnuwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin dùn mọ́ Àdùkẹ́ díẹ̀ jù bí mo ṣe rò lọ. Ọ̀rẹ́ mi ló mú un lọ́wọ́, èmi jókòó síta pẹ̀lú àwọn méjì tó kù. Ó sọ fún un pé lọ́dún 1938 làwọn kan ń wa ìpìlẹ̀ ilé lágboolé Wúnmọníjẹ̀ nítòsí ibẹ̀, tí ọkọ́ wọn ṣàdéédéé kan orí idẹ, ọ̀kan, méjì, ó ń pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n jáde ìbéèrè tí ọmọ mi gbé wá ni pé ta ló fi biro fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sójú gbogbo wọn. Ó tún fẹ́ mọ ohun tí ẹni tó ń kọ́ ilé yẹn wá fi ṣe ìpìlẹ̀ níkẹyìn. Mi ò ronú kàn án rí, ẹ má bínú.

Lójú ọ̀nà, ọ̀rẹ́ mi tún sọ ti Ọọ̀ni Lúwoo fún un, pé obìnrin ni, ó jọba ní Ifẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun, ló bá ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ gbogbo ojú ọ̀nà. Wọ́n ṣì ń rí àpáàdì yẹn nílẹ̀ Ifẹ̀ dòní, wọ́n tò ó ní ìdúró ni, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Àdùkẹ́ wo ẹsẹ̀ Táyé tó ti rin ẹrẹ̀ dé orúnkún, ó ní, 'Ọọ̀ni Lúwoo ì bá bínú sí ẹ gan-an.'

Ó wá kù Mọremí. Ère yẹn ga o, ẹsẹ̀ bàtà méjìlélógójì, ọdún 2016 ni Ọọ̀ni Ògúnwùsì ṣí i, Mọremí na ògùṣọ̀ sókè. Mo sọ ìtàn ẹ̀ fún un bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Àwọn ará Ugbò máa ń fi ìko bo ara wá kó Ifẹ̀ lẹ́rù, àwọn Ifẹ̀ rò pé òrò ni wọ́n, wọ́n á fẹsẹ̀ fẹ ẹ. Mọremí wá lọ ṣèlérí fún odò Ẹ̀sìnmìrìn, ó jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ọba wọn fi í ṣaya, ó rí i pé èèyàn ni wọ́n, ó sá padà, ó ní kí Ifẹ̀ fi iná pàdé wọn. Ìko gbaná, ó parí.

'Kí ló ṣèlérí fún odò?'

Mo ní ohun tí odò bá fẹ́.

'Kí ni odò wá fẹ́?'

Olúorogbo ni odò fẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Mo wo ọmọ mi, mo wo ọ̀rẹ́ mi tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú Kẹ́hìndé lẹ́yìn ẹ̀, ó ti fi ìró pọ̀n ọ́n, ẹnu mi wọ́. Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ ra àìsìkiriìmù. Ọ̀rẹ́ mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn wò mí.

Ọjọ́ kẹta, Wẹ́sídè

Yunifásítì la lọ láàárọ̀. Mo fẹ́ fi yàrá wa hàn wọ́n ṣùgbọ́n a ò wọlé, a dúró síwájú Mọremí Hall, mo nawọ́ sí fèrèsé kan, ọ̀rẹ́ mi ní kì í ṣe ìyẹn, tiwa ni ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, a wá ń jiyàn bí ọmọdé. Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ yunifásítì yẹn lọ́dún 1962, ọdún 1967 ni wọ́n kó wá sí Ifẹ̀, ọdún 1987 ni wọ́n fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè é, àmọ́ kò sí èyí tó kan Àdùkẹ́ nínú gbogbo ẹ̀, ilé tó fẹjú lókè ju ìsàlẹ̀ lọ ló mú un lójú. Ó ní ẹni tó kọ́ ọ ti dojú pépà dé. Mo ní kí òjò má bàa wọ inú ẹ̀ ni, kí òòrùn má sì wọlé tààrà. Mo gbàgbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa.

Òjò dé lọ́sàn-án, òjò oṣù kẹjọ tí kì í rọ̀ púpọ̀ àmọ́ tí kì í dá, gbogbo ètò bàjẹ́, a jókòó sílé a sè àgbàdo. Ìgbà yẹn ni Àdùkẹ́ lọ bá Àǹtí ẹ̀ ní kíṣìnnì. Mo wà ní ẹnu ọ̀nà, wọn ò rí mi.

'Àǹtí, kí ni odò yẹn gbà?'

Ọ̀rẹ́ mi ò gbé àgbàdo ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀, kò wojú ẹnikẹ́ni. Ó ní, 'Ó gba ọmọ ẹ̀. Olúorogbo.'

'Kò dáa.'

'Kò dáa. Ó sunkún gan-an. Ni gbogbo Ifẹ̀ bá kóra jọ, wọ́n ní Mọremí, má sunkún mọ́, gbogbo wa la máa jẹ́ ọmọ ẹ títí láé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ọdún Ẹdì.'

Àdùkẹ́ ronú. 'Gbogbo Ifẹ̀? Ẹ̀yin náà?'

'Èmi náà.'

'Bàbá tó ń ta búrẹ́dì yẹn náà?'

'Òun náà.'

'Táwọn tó ń gbé ní Èkó ńkọ́?'

'Ìwọ, gba àgbàdo yìí kó o jẹ́ n sinmi.'

Mo padà sí pálọ̀, mo lọ bá Táyé to kúbù.

Lálẹ́, tí wọ́n ti sùn tán, iná ti lọ, a jókòó síta pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ò jẹ́ ká parí láti ọjọ́ Mọ́ńdè, ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó o jọ, àbọ̀ ibí, àbọ̀ ọ̀hún. Mo ní mo ti ń fẹ́ sọ nǹkan kan fún ẹ. Ó ní mo mọ̀ ọ́n. Ó ní, 'Mo lè ka àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń fi ọmọ wọn pa mọ́ fún mi. Wọ́n bí, mi ò gbọ́ àfi lẹ́nu ẹlòmíì. Wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ, wọn ò pè mí. Wọ́n rò pé àánú ni wọ́n ń ṣe mí. Ta ló ní kẹ́ ẹ bá mi sá fún ọmọ yín? Ogójì ọmọ ló wà ní kíláàsì mi, ìwọ wá rò pé mẹ́ta ló máa pa mí?' Mo ní jọ̀ọ́. Ó ní ọdún mọ́kànlá ni o jẹ mí, jọ̀ọ́ ò tó.

Mo sunkún díẹ̀, òun náà sunkún díẹ̀, ẹ̀fọn jẹ wá dáadáa, a wọlé.

Ọjọ́ kẹrin, Tọ́sídè

Iléṣà ò jìnnà sí Ifẹ̀, a gba Òṣú kọjá, àwọn ọmọ ò tiẹ̀ rí àyè bì. Ìyá ọkọ mi ti ń dúró lẹ́nu géètì, ó kí wọn ní èdè Ìjẹ̀ṣà, ó ní kí wọ́n wọ 'ulé', ó ti se 'uṣu'. Àdùkẹ́ yíjú sí mi, 'Mọ́mì, kí ni ulé?' Ìyá gbọ́ ọ, ojú ẹ̀ kọ́rẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ò gbọ́ ulé! Mo mọ̀ pé ẹjọ́ yẹn ò ní parí bọ̀rọ̀, bàbá wọn ló yẹ kó rò ó, òun ló ní èdè.

Ìyá gbé àwọn ìbejì jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ oríkì, 'Ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn', ó ní Ìṣokùn ti Iléṣà níbí ni wọ́n ń wí, pé irọ́ làwọn Ọ̀yọ́ ń pa. Mi ò dá sí i. Ọmọ Èkìtì lèmi.

Kí n sọ ti pótì. Táyé jókòó lé e ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti pẹ́ gan-an, kò dìde, ó ní òun ò tíì parí. Ìyá wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní 'Òṣómàáló!' Ọkọ ẹ̀ tó ti kú, àwọn bàbá ẹ̀ ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń ṣe láyé ìjelòó, tí wọ́n bá dé ilé onígbèsè wọ́n á lóṣòó, wọ́n á ní òṣó ni màá ló títí màá fi gbowó mi. Látìgbà yẹn kò sẹ́ni tó pe Táyé lórúkọ mọ́, Òṣómàáló náà ni.

Ọjọ́ karùn-ún, Fúráídè

Ara Òṣómàáló gbóná lóru. Tẹ̀mómítà kà 38.9, mo fún un ní paracetamol olómi bí páálí ṣe ní kí ọmọ ọdún mẹ́ta mu, mo fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nù ún lára. Ìyá ti gbé àgbo ka iná. A ò jà, àmọ́ a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Mo ní Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò ná, tó bá mọ́ a óò mọ ohun tá a máa ṣe. Ó ní ọmọ mẹ́fà lòun fi àgbo tọ́, ọkọ rẹ wà nínú ẹ̀. Kí lèèyàn fẹ́ sọ sí ìyẹn?

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n gún un níka, kò sí ibà nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kó máa mu omi dáadáa, kó sinmi. Mo padà, mo sọ fún ìyá. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó sì fi àgbo yẹn wẹ Kẹ́hìndé tí kò sóun tó ṣe é, kó má bàa ṣòfò.

Bàbá wọn dé ní aago mẹ́jọ alẹ́ pẹ̀lú mọ́tò ẹ̀. Wọ́n ti gún iyán dè é. Iṣu tuntun ni, kò tíì gbó, iyán ẹ̀ ń fà bíi gọ́ọ̀mù, bẹ́ẹ̀ náà ló jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ kẹfà, Sátidé

Ara Táyé ti balẹ̀, a lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirin ti ń já bọ́ látorí òkè. Ìpele méje ni. Bàbá wọn ti ń fọ́nnu láti ilé pé nígbà tóun wà ní Form Four òun dé ìpele keje. Ìpele àkọ́kọ́ la dúró sí. Omi ń rọ́ wòò, ìrì ẹ̀ ń fọ́n sí wa lójú, Kẹ́hìndé bo etí, Táyé ń pariwo mọ́ omi bí ẹni pé òun ló ń bá jà. Òkúta ibẹ̀ ń yọ̀ o, ẹ má wọ sílípáàsì lọ, ẹ má sì jẹ́ kọ́mọ sáré. Ọkọ mi ń wo òkè, mo ní máa lọ, màá dúró dè ẹ́. Ó gbé Táyé kọ́ ọrùn, ó wo ọ̀nà, ó ní rárá, ó tún dìgbà míì.

Nígbà tá à ń bọ̀ a yà lọ́jà Àtàkúnmọ́sà. Wọ́n rí ìbejì, ó tán. Ìyá eléwédú fún wọn ní igba náírà, aláta fún wọn, oníṣu fún wọn, wọ́n ń súre. Táyé kó tiẹ̀ fún mi. Kẹ́hìndé di tiẹ̀ mọ́ ọwọ́ títí ó fi sùn, mo fẹ́ rọra yọ ọ́, ó la ojú.

Ọjọ́ keje, Sọ́ńdè

Ìyá kó iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, epo, adìẹ kan tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀. Ó gbá Àdùkẹ́ mú, ó ní ó gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà mẹ́wàá tí wọ́n bá tún padà dé. Ọmọ náà ní òun ti mọ méjì.

A dúró ní Ifẹ̀ fún wákàtí kan kí ọ̀rẹ́ mi àti ọkọ mi lè kíra. Kẹ́hìndé ò fẹ́ kúrò lápá ẹ̀, a fipá yọ ọ́ ni, a wọ mọ́tò pẹ̀lú igbe. Gbọ̀ngán la dé tí mo rí i pé ẹsẹ̀ bàtà ẹ̀ kan ò sí. Mo pe ọ̀rẹ́ mi, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà lábẹ́ àga. Mo ní kó fún dírẹ́bà kan ní páàkì, àwọn tó ń bọ̀ l'Ékòó á bá mi gbé e wá.

Ó ní òun ò fún dírẹ́bà kankan. Kí ẹni tó ni bàtà wá mú un fúnra ẹ̀.